Áńpílífáyà Àtijọ́ Ìlú Wa: Bí A Ṣe Lè Jí I Láìpa Ara Wa

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa, sọ níbi ìpàdé àpapọ̀ ọdọọdún ti ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Èmi kì í ṣe olówó, bẹ́ẹ̀ ni èmi kì í ṣe olóṣèlú. Olùkọ́ ni mí. Iṣẹ́ tí mo lọ kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ náà ni mo ń ṣe títí di òní, ìmọ̀ nípa iná àti ẹ̀rọ ni mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ yín. Nítorí náà, bí mo bá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orí bẹ́ǹṣì nínú kíláàsì mi ni ẹ jókòó sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí. Ohun tó bá ti mọ́ni lára kì í tètè fini sílẹ̀.

Ẹ ó rántí pé ní èṣí, nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá ẹrù gbọ̀ngán ìlú mọ́, a rí áńpílífáyà ńlá kan lábẹ́ àpò ọ̀rá, tí eruku ti sọ di aláwọ̀ ilẹ̀. Irin ni àpótí rẹ̀, ọ̀dọ́ méjì ni ó sì gbé e kí ó tó kúrò nílẹ̀. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n lójú kan náà. Òun ni ẹgbẹ́ yìí fi ń bá ìlú sọ̀rọ̀ ní pápá ilé ìwé láyé ijọ́un. Òun ni àwọn eléré fi ń kọrin lọ́jọ́ ọdún, tí ohùn wọn fi ń dé ìdí àpáta. Ojú ẹsẹ̀ ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Apá kan ní kí a tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Apá kejì ní kí a ti púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ọdún ìlú tó ń bọ̀, kí àwọn ọmọ wa gbọ́ bí ohùn àtijọ́ ṣe ń dún.

Mo dìde lónìí láti sọ fún yín pé apá méjèèjì ló ṣìnà. Ẹ̀rọ náà kò yẹ ní títà, kò sì yẹ ní títàn. Àtúnṣe ló yẹ ẹ́, àtúnṣe onísùúrù, láti ọwọ́ ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan ará ilé, ó sì kan ará àjò pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin ọmọ wa ń rà ní ọjà àlòkù ní òkè òkun, tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí mọ́ṣáláṣí àti sí ilé bàbá yín. Ẹ̀bùn rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìmọ̀kan ni èkúté ilé fi ń pe ológbò níjà.

Kí ni áńpílífáyà ń ṣe? Nígbà tí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ sínú máìkì, ohùn rẹ̀ a di iná, ṣùgbọ́n iná náà kéré púpọ̀; kò lágbára àtimi lásípíkà rárá. Áńpílífáyà a gba iná tó pọ̀ láti ara ògiri, a sì mọ iná púpọ̀ yìí ní àwòrán iná kékeré náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí agbẹ́gilére ti ń mú ìtì igi ńlá, tí ó sì ń gbẹ́ ẹ títí yóò fi jọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ohùn náà dé ọ̀nà jíjìn, igi tí a ó gbẹ́ ní láti tóbi. Èyí ni pé iná tó wà nínú ẹ̀rọ náà ní láti pọ̀. Ibẹ̀ ni ọlá rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà.

Ní 1906 ni ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lee de Forest ṣe ìgò kan tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí ó fi wáyà tó ń gbóná, àwo irin kan àti asẹ́ kékeré kan sínú rẹ̀. Iná kékeré tó bá dé ibi asẹ́ náà ni yóò máa darí iná ńlá tó ń kọjá, bí ọmọdé kan ṣe lè fi ìjánu darí ẹṣin. Irú ìgò yìí ni àwọn atúnrédíòṣe wa ń pè ní fáàfù. Ní 1947 ni àwọn onímọ̀ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà ṣe tiransísítọ̀ àkọ́kọ́, èyí tó kéré tí kì í sì í gbóná bí fáàfù. Síbẹ̀ fáàfù kò kú. Ní ọdún 1947 yẹn kan náà ni D. T. N. Williamson tẹ àwòrán áńpílífáyà onífáàfù rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Wireless World ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ọwọ́ ara wọn kàn án sílé. Láàrin 1950 sí 1960 ni àwọn fáàfù alágbára bí EL34 àti KT88 gbòde kan. Méjì péré nínú wọn lè gbé ọgọ́rùn-ún wáàtì jáde, èyí tó tó fún odidi pápá ìṣeré.

Ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, áńpílífáyà ló kọ́kọ́ gbé rédíò wọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 1935 ni rédíò onówáyà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Ibùdó kan ni a ti ń gba ohùn láti òfúrufú. Áńpílífáyà ńlá a sọ ọ́ di alágbára, wáyà orí òpó a sì gbé e lọ sínú àpótí kékeré ní ilé ẹni tó bá ń san owó oṣooṣù. Àpótí náà ni àwọn bàbá wa sọ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, kò sì dúró gbọ́ èsì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn ẹgbẹ́ jùjú náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi máìkì àti áńpílífáyà ṣeré, èyí tó jẹ́ kí a lè gbọ́ gìtá àti orin nígbà tí gángan bá ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. I. K. Dairo, ẹni tí a bí ní Ọ̀fà tòsí wa níhìn-ín, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, fi dùùrù àfọwọ́fà kún un. Nítorí náà, ẹni tó bá ta irú ẹ̀rọ yìí bí irin lásán, apá kan ìtàn wa ni ó tà ní owó kílò. Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó mú mi gba ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Kì í ṣe ìtàn tí mo fẹ́ràn láti máa sọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kó àwọn ọmọ kan jọ lẹ́yìn ìdásílẹ̀ ilé ìwé, a ń fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́ iná. Ẹnì kan fún wa ní áńpílífáyà onífáàfù kan tó ti bàjẹ́. Inú àwọn ọmọ náà dùn, inú tèmi náà sì dùn. Kí a tó ṣí i, mo kọ ọ́ sí ojú pátákó, mo sì ní kí wọ́n kà á tẹ̀lé mi pé: bí a bá ti yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kò sí iná mọ́. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹta. A tan ẹ̀rọ náà wò fún ìgbà díẹ̀, kò dún. Ọmọkùnrin kan tó já fáfá jù nínú wọn yọ púlọ́ọ̀gì gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ọ, ó fi í hàn mí lọ́wọ́, mo sì mi orí sí i. Ó wá ki ọwọ́ kejì bọ inú ẹ̀rọ náà. A kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀. A kàn rí i pé ọmọ náà ti wà ní ìdí ògiri, ẹnu rẹ̀ là, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ojú ìka rẹ̀ méjì jó funfun.

Ọlọ́run yọ ọ́. Nígbà tó ṣe, ó sọ̀rọ̀, a sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ wá bá mi nílé. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, ṣùgbọ́n kò bú mi. Ohun kan ṣoṣo ni ó bi mí: “Tíṣà, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ sọ fún un pé kò sí iná mọ́?” Mo dákẹ́. Títí di òní, n kò ì tíì rí èsì tí mo lè fún obìnrin náà. Ohun tí mo kọ sójú pátákó jẹ́ òtítọ́ fún gúlóòbù, ó jẹ́ òtítọ́ fún àyọ́ọ̀nù àti fáànù. Fún áńpílífáyà, irọ́ tó lè pa ènìyàn ni.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Iná tó ń wọ ilé wa jẹ́ nǹkan bí 230 tàbí 240 fóòtì. Fáàfù alágbára kò lè fi èyí ṣiṣẹ́. Nítorí náà, tiransifọ́mà inú ẹ̀rọ náà a gbé e ga, a tún sọ ọ́ di iná irú ti bátìrì, tí kì í yí padà, títí yóò fi di 400, 500, àní 800 fóòtì nínú àwọn mìíràn. Iná yìí a wá wọ inú àwọn agolo kékeré tí à ń pè ní kápásítọ̀. Iṣẹ́ kápásítọ̀ ni láti máa tọ́jú iná, bí ìkòkò ti ń tọ́jú omi, kí ohùn má baà máa hó. Bí odò bá gbẹ, ṣé omi inú ìkòkò gbẹ pẹ̀lú rẹ̀? Bákan náà ni, bí a bá yọ púlọ́ọ̀gì, iná inú kápásítọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó kan ẹ̀rọ náà máa ń sábà fi rẹ̀sísítọ̀ kan síbẹ̀ tí yóò máa fa iná náà dànù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ara ẹ̀rọ tó ti pẹ́, rẹ̀sísítọ̀ náà lè ti já, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Ọdẹ tó gbọ́n kì í fi ọwọ́ gbé orí ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, nítorí ó mọ̀ pé oró ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe wá fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Èkíní, kí a yọ púlọ́ọ̀gì, kí a sì gbé e síbi tí ojú wa yóò ti máa rí i. Èkejì, kí a fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kéré tán. Ẹ̀kẹta, kí a fi mítà tó lè ka ẹgbẹ̀rún fóòtì wo ara kápásítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹrin, kí a mú rẹ̀sísítọ̀ tó nípọn, tó jẹ́ nǹkan bí 2,000 sí 10,000 óòmù, tí a ti fi wáyà tí rọ́bà rẹ̀ nípọn so mọ́ ara àpótí irin, kí a fi orí rẹ̀ kejì kan ẹnu kápásítọ̀, kí iná náà fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tán. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi sikirudiráfà gbá a bí àwọn kan ti ń ṣe. Iná yóò ta pàrà, ó lè jó ojú ẹni, ó sì lè ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ẹ̀karùn-ún, kí a tún fi mítà wò ó lẹ́ẹ̀kejì, nítorí kápásítọ̀ a máa tún jí díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá rò pé ó ti kú. Ẹ̀kẹfà, kí ọwọ́ kan ṣoṣo máa ṣiṣẹ́, kí èkejì wà nínú àpò tàbí lẹ́yìn, kí iná má baà rí ọ̀nà gba àyà kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kí ẹni tó ń ṣe é má sì ṣe dá wà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tó mọ ibi tí súìṣì wà.

Nípa jíjí i, kò sí ohun tó ń ba ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ́ tó ìkánjú. Omi inú àwọn kápásítọ̀ ńlá rẹ̀ ti gbẹ láti ọdún gbọọrọ. Bí a bá fún un ní iná kíkún lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lè bẹ́, wọ́n sì lè jó tiransifọ́mà mọ́ ara wọn. Bí tiransifọ́mà bá sì jó, ẹ̀mí ẹ̀rọ náà ti lọ nìyẹn, nítorí òun ni ó ṣòro jù lọ láti rí rà. Nítorí náà, kí a pààrọ̀ àwọn kápásítọ̀ náà sí tuntun tó lè gba iye fóòtì tí a kọ sára ti tẹ́lẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a pààrọ̀ àwọn kékeré tí a fi pépà àti ìda ṣe pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n máa ń jò. Iná tó bá jò gba ibẹ̀ dé inú fáàfù yóò mú kí àwo irin inú rẹ̀ pọ́n bí irin nínú iná àgbẹ̀dẹ. Bí a bá rí i tó pọ́n bẹ́ẹ̀, kí a pa á lójú ẹsẹ̀. Bí a bá rí agolo tí òróró wà nínú rẹ̀, kí a má ṣe lu ú, kí a má sì ṣe sun ún, nítorí pé májèlé kan tí à ń pè ní PCB wà nínú òróró ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1979.

Lẹ́yìn èyí ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, tí a ó sì gba ọ̀nà gúlóòbù tàn án. Ọgbọ́n yìí kò wọ́nwó. A ó fi gúlóòbù àtijọ́ tó ń gbóná, ti ọgọ́rùn-ún wáàtì, sí ojú ọ̀nà iná kí ó tó dé inú ẹ̀rọ. Gúlóòbù ìgbàlódé tí kì í gbóná kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí gúlóòbù náà bá tàn yòò, tí ó sì ṣú díẹ̀díẹ̀, ara ẹ̀rọ le. Bí ó bá tàn yòò tí kò ṣú, àìsàn wà nínú rẹ̀. Gúlóòbù ni ó gba ìyà náà jẹ dípò tiransifọ́mà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ ni yóò rí ìfun inú èèrà.

Ẹ̀yin ará òkè òkun, apá tiyín rèé. Bí ẹ bá ra áńpílífáyà ní Amẹ́ríkà, iná nǹkan bí 120 fóòtì ni a ṣe é fún. Bí a bá tì í bọ ògiri níhìn-ín, ìlọ́po méjì ni yóò gbà, kò sì ní gba ìṣẹ́jú kan kí ó tó rùn. Ó nílò tiransifọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀. Kò tán síbẹ̀: iná Amẹ́ríkà ń yí ní ìgbà 60 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń yí ní ìgbà 50, nítorí náà tiransifọ́mà wọn a máa gbóná lọ́dọ̀ wa ju bí ó ti yẹ lọ. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá iná wa mu, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ àwọ̀ wáyà. Nínú ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, pupa ni iná wà, dúdú ni ọ̀nà àbọ̀, ewé ni ti ilẹ̀. Nínú ti ìsinsìnyí, wáyà aláwọ̀ igi ni iná wà, búlúù ni ọ̀nà àbọ̀, ewé onílà ìyeyè ni ti ilẹ̀. Nínú ti Amẹ́ríkà, dúdú gan-an ni iná wà, funfun sì ni ọ̀nà àbọ̀. Ẹ wò ó o: wáyà dúdú kan náà tó jẹ́ aláìléwu nínú ẹ̀rọ tó ti London wá lè pa ènìyàn nínú èyí tó ti Amẹ́ríkà wá. Oníná tí kò béèrè ibi tí ẹ̀rọ ti wá ti fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu.

Èyí mú mi dé orí wáyà ilẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gé dànù nítorí pé ẹ̀rọ a máa dún láìsí i. Lóòótọ́ ni yóò dún. Ṣùgbọ́n bí iná bá jò sára àpótí irin, wáyà ilẹ̀ ni ó yẹ kí ó gbé e wọlẹ̀ kí fúùsì sì já. Bí kò bá sí, ara ènìyàn ni yóò di wáyà ilẹ̀. Ní 1972, ní ìlú Swansea ní ilẹ̀ Wales, Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, wà lórí pèpéle níwájú àwọn ènìyàn. Ó di gìtá rẹ̀ mú, ó fọwọ́ kan máìkì tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ kò so dáadáa, ó sì kú. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tí àwọn oníná ti pọ̀, kí ni kí a sọ nípa pèpéle onígi tiwa ní àkókò òjò, tí wáyà ń gba inú ẹrẹ̀ kọjá, tí jẹnẹrétọ̀ tí kò ní wáyà ilẹ̀ kankan sì ń hó lẹ́yìn? Irin gígùn kan tí a rì mọ́lẹ̀ dáadáa àti súìṣì tó ń já fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá ń jò ni ààbò wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé súìṣì yìí kò lè gba ẹni tó fọwọ́ kan iná gíga inú ẹ̀rọ onífáàfù là, nítorí tiransifọ́mà ti ya iná inú lọ́tọ̀ kúrò lára ti ògiri.

Bí iná bá mú ẹnì kan, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án. Kí a kọ́kọ́ pa iná. Bí a kò bá lè pa á, kí a fi igi gbígbẹ tì í kúrò. Bí kò bá mí mọ́, kí a fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, ní ìgbà 100 sí 120 láàrin ìṣẹ́jú kan, láìdáwọ́ dúró, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí ó tilẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, kí a ṣì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀rọ ti jí, ó ti ń dún. Báwo ni a ó ṣe lò ó? Kí a má ṣe tan áńpílífáyà onífáàfù láéláé láìso lásípíkà mọ́ ọn, nítorí pé agbára tí kò bá rí ọ̀nà jáde yóò padà sínú tiransifọ́mà, yóò sì fọ́ ọ. Kí àyè wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ooru. Kí aṣọ àti bébà jìnnà sí i. Kí a sì ṣàánú etí ara wa. Àwọn kan rò pé bí a bá fi ẹ̀rọ oní-200 wáàtì dípò oní-100, ohùn yóò di ìlọ́po méjì. Rárá o. Kí ohùn tó dà bí ìlọ́po méjì létí ènìyàn, agbára ní láti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Owó àti epo ni à ń fi ṣòfò lásán. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé ohùn tó bá jẹ́ 85 désíbẹ̀lì, etí lè fara dà á fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí ohùn ní ibi ìgbafẹ́ má ṣe ju 100 désíbẹ̀lì lọ, bí a bá ṣírò rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n jó níwájú lásípíkà kò lè sọ pé etí ń dun òun.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ta ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí fún wa? Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí irú ènìyàn tí a jẹ́. Ní Òsí wa yìí ni Areogun gbé, ẹni tó kú ní 1954, tí ilẹ̀kùn àti ẹgbẹ́ Ẹpa tó gbẹ́ wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ibi iṣẹ́ tí Fada Kevin Carroll dá sílẹ̀ ní 1947, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, níṣẹ́, tí òun náà fi di ẹni tí ayé mọ̀. Kò sí ẹni tó fún ọmọ ọjọ́ kan ní àáké pé kí ó lọ gbẹ́ Ẹpa fún ọdún. Ọmọ a jókòó ti ọ̀gá, a wo ọwọ́ rẹ̀, a kọ́kọ́ gbẹ́ ohun kékeré. Bí a ti kọ́ igi gbígbẹ́ láti Òsí dé Ìlọ́fà àti káàkiri Òkè-Èrò náà ni a lè gbà kọ́ iṣẹ́ yìí. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a rò pé nítorí pé ẹ̀rọ ń lo púlọ́ọ̀gì, kò nílò ọ̀gá.

Nítorí náà, mo gbé ohun mẹ́rin síwájú ìpàdé yìí. Àkọ́kọ́, kí a má ṣe ta áńpílífáyà náà, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tàn án. Pẹ̀lú àṣẹ Alága, mo ti gé púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Èkejì, kí ẹgbẹ́ san owó ẹ̀kọ́ fún ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, láti lọ kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ohùn lọ́dọ̀ ọ̀gá tó dáńtọ́. Ẹ̀kẹta, kí a ra mítà, àwọn kápásítọ̀ àti súìṣì ààbò, kí a sì rì irin ilẹ̀ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngán kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀yin ará òkè òkun máa kọ ìwé mọ́ ẹ̀rọ tí ẹ bá fi ránṣẹ́: ilẹ̀ tó ti wá, iye fóòtì rẹ̀, àti àwòrán wáyà inú rẹ̀ bí ẹ bá rí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ tí mo sọ nípa rẹ̀ ti dàgbà, iṣẹ́ iná ni ó sì ń ṣe jẹun ní Ìlọrin báyìí. Òun ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí nípa ẹ̀rọ ìlú yìí. Ó fèsì pé òun yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò, òun kò sì ní gba owó, ṣùgbọ́n kí n jọ̀wọ́ má ṣe fọwọ́ kàn án kí òun tó dé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ lónìí ń ka ọ̀rọ̀ mìíràn lójú pátákó mi: yọ púlọ́ọ̀gì, dúró, fi mítà wò ó, kí o tó gbà pé kò sí iná mọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohùn ìlú wa máa dún jìnnà, kí ó má sì gba ẹ̀mí ọmọ kankan dípò rẹ̀.